Ta Ló Ni Mọ́tò Pupa?

Bí ẹ bá bi àwọn ará Ìsíkàn léèrè, wọn á sọ fún yín pé Oyèbọ́lá bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ṣe gbọ́nmi-si-omi-ò-to fún odidi oṣù márùn-ún nítorí mọ́tò. Irọ́ ni. Kì í ṣe nítorí mọ́tò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ fúnra yín wò ó bóyá ẹ̀yin náà kò ní bínú.

Ní ọdún 1993 tí mò ń sọ yìí, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Oyèbọ́lá. Físíìsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àkúrẹ́, yàrá méjì ló sì háyà ní Ìsíkàn. Nígbà náà, owó oṣù olùkọ́ a máa pẹ́ débi pé bí ó bá dé, èèyàn á ti gbàgbé oṣù tí wọ́n ń san. Bẹ́ẹ̀, nǹkan kan wà tí Oyèbọ́lá ní tí kò sí olùkọ́ mìíràn tó ní in. Mọ́tò ni. Kì í sì í ṣe irú mọ́tò tí ẹ ń rò. Mọ́tò eré ni, pupa fòò, ilẹ̀kùn méjì péré, imú rẹ̀ gùn, ó sì rẹlẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ á rò pé orí títì gan-an lòun jókòó sí. Ayọ̀dèjì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rà á nígbà tí owó ṣì wà nílùú. Nígbà tí nǹkan wá le, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ayọ̀dèjì, ó gba òkè òkun lọ, ó sì yí ìwé ọkọ̀ náà sí orúkọ àbúrò rẹ̀.

Ó ní, "Bọ́lá, bó o bá fẹ́, tà á. Bó o bá fẹ́, máa wà á. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ọ jẹ."

Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ọdún àkọ́kọ́ kò tíì pé tí mẹkáníìkì kan fi yọ kàbúrétọ̀ tó dáa kúrò lára mọ́tò náà, tó fi èyí tó ti kú síbẹ̀. Nígbà tí Oyèbọ́lá padà lọ bá a, tó ní èyí kọ́ ni òun gbé wá, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, kí lobìnrin mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì?" Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí i nínú ju kàbúrétọ̀ lọ. Ó padà sílé, ó wá ìwé ńlá tó bá mọ́tò náà wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ó sì kà á bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Ó ń ra sípánà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò pé ọdún méjì, òun fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, òun ló ń tú búrẹ́èkì, òun ló ń dùbúlẹ̀ sórí páálí lábẹ́ mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi hàn ẹnikẹ́ni. Owó tí ì bá fún mẹkáníìkì kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni, àti pé, ká sọ òtítọ́, ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà.

Oṣù kẹta ọdún náà ni mọ́tò dákú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní òpópónà Arákálẹ̀, ní agogo méjì ọ̀sán, tí oòrùn ń jó bí iná. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Irin tó máa ń gbé bónẹ́ẹ̀tì dúró ti ṣẹ́, igi tó ń fi í ró sì bọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Kíá, ọkùnrin mẹ́rin ti yí i ká.

"Bátìrì ni."

"Kì í ṣe bátìrì, epo ló tán."

"Àǹtí, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ lọ pe ọkùnrin wá. Ẹ ó fi ọ́ìlì ba aṣọ yín jẹ́."

Oyèbọ́lá tún fi igi ró bónẹ́ẹ̀tì. Ìgbà náà ni ọkùnrin karùn-ún dé, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ ẹ̀wù funfun, ó fi fáìlì há abíyá. Ó ní, "Ẹ kú oòrùn o. Kí ni kí n bá yín dì mú?"

Oyèbọ́lá wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bónẹ́ẹ̀tì yìí."

Ọkùnrin náà gbé fáìlì rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé bónẹ́ẹ̀tì sókè, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Kò fi ọ̀rọ̀ kan gbà á nímọ̀ràn. Òógùn wẹ ẹ́ láti orí dé ọrùn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dáhùn, Oyèbọ́lá nu ọwọ́, ó ní, "Ẹ ò tilẹ̀ bi mí ohun tó ṣe é."

"Mo rò pé bí ẹ bá fẹ́ kí n mọ̀, ẹ ó sọ fún mi."

Orúkọ rẹ̀ ni Kìtán Akínsànyà, ọmọ Oǹdó, tó ń bá ìjọba wọn ilẹ̀ ní Àkúrẹ́. Oyèbọ́lá gbé e dé ọ́fíìsì rẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ya ilé Oyèbọ́lá ní Ìsíkàn. Láti ìgbà náà, kò sí Sátidé tí kì í wá.

Kò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò, kò sì purọ́ pé òun mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ rí i, ohun tó wá dùn Oyèbọ́lá nìyẹn nígbẹ̀yìn. Ó máa ń jókòó sórí àpótí, á máa ka ìwé ńlá náà sókè fún Oyèbọ́lá tó wà lábẹ́ mọ́tò, á máa kọsẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ gígùn, àwọn méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín. Ó kọ́ orúkọ àwọn sípánà. Ní Sátidé kan nínú oṣù keje, tí gbogbo ìlú ń sọ̀rọ̀ ìdìbò tí wọ́n fagi lé, Kìtán kò sọ ti ìdìbò. Ó ní:

"Oyèbọ́lá."

"Fún mi ní nọ́ńbà mẹ́tàlá."

Ó nà án sí i. "Oyèbọ́lá, mo fẹ́ fẹ́ ọ."

Ohùn kan jáde wá lábẹ́ mọ́tò: "Méjìlá lo fún mi yìí."

Ó wọ́ ara rẹ̀ jáde, gírísì wà níwájú orí rẹ̀, ó dìde jókòó. Ó ní, "Tún un sọ. Irú ọ̀rọ̀ yẹn, mo fẹ́ máa wo ojú ẹni tó ń sọ ọ́."

Kìtán tún un sọ. Oyèbọ́lá ní òun gbọ́, ó sì ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹni tó ń ṣe alárinà wọn ni Bímbọ́lá, ìbátan Kìtán tí wọ́n jọ ní ìyá àgbà kan náà, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tí Oyèbọ́lá ti ń kọ́ni. Òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Oǹdó, tó ń gbé e bọ̀. Bàbá Kìtán ti kú. Ìyá rẹ̀ ló kù, Màmá Akínsànyà, tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ni kó tó fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó ń kọ orúkọ ẹni tó bá pẹ́ dé ìsìn òwúrọ̀ sínú ọkàn rẹ̀ ni.

Lójọ́ kan Bímbọ́lá fa Oyèbọ́lá sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú yàrá àwọn olùkọ́.

"Ọ̀rẹ́ mi, Màmá ò fara mọ́ ọn o."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ó ní láti ìgbà tí Kìtán ti mọ̀ ọ́ ni kò ti fi nǹkan ránṣẹ́ sílé mọ́."

"Ta ni wọ́n ń sanwó fún nínú ìpínlẹ̀ yìí? Kìtán ò sọ fún wọn pé oṣù mẹ́rin nìjọba jẹ àwọn?"

Bímbọ́lá wo ilẹ̀. "Èmi ò mọ ohun tó sọ fún wọn."

Nígbà tí Oyèbọ́lá bi Kìtán, ó ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ó ní òun ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Màmá. Oyèbọ́lá gbà á gbọ́. Ó gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń yá a ní mọ́tò náà bí ó bá fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀, nítorí àwọn ọkọ̀ èrò ti di ọ̀wọ́n pẹ̀lú epo tí kò sí. Á ní, "Máa wo ọwọ́ tó ń ka ooru o. Bó o bá dé Ọ̀wẹ̀nà, dúró díẹ̀, jẹ́ kó tutù." Kìtán á ní òun gbọ́. Ó ti tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún tó gbé e lọ.

Sátidé kejì nínú oṣù kọkànlá ni wọ́n jọ lọ sí Oǹdó, kí Oyèbọ́lá lè fojú kan Màmá. Òru ọjọ́ Jímọ̀ kò sí oorun lójú rẹ̀, ó ń ro aṣọ tí yóò wọ̀. Ó fi òwú àti kẹrosíìnì nu abẹ́ èékánná rẹ̀ títí ìka fi ń ta á. Òun ló wa mọ́tò láti Àkúrẹ́. Bí wọ́n ṣe kọjá Bọ́lọ́rundúró, Kìtán ní, "Jẹ́ kí n wà á wọ ìlú."

"Èé ṣe?"

"Ṣé ó burú ni? Kí o lè sinmi."

Oyèbọ́lá dúró, wọ́n pààrọ̀ àyè.

Ilé Màmá Akínsànyà mọ́ tónítóní. Àwòrán ọkọ rẹ̀ wà lára ògiri, aṣọ funfun wà lórí àga kọ̀ọ̀kan. Oyèbọ́lá kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àwọn iṣu àti òróró tó rà wá sílẹ̀. Màmá ní kó dìde. Ó ń sọ èdè Oǹdó sí ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó kọjú sí Oyèbọ́lá, Yorùbá inú ìwé ló sọ, ní ohùn tí wọ́n fi ń bá ọmọ ilé ìwé wí.

"Oyèbọ́lá, mo gbọ́ pé o kàwé. Mo dúpẹ́. Èmi náà kọ́ni. Nítorí náà, mo máa bá ọ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó lóye. Ọmọ mi fẹ́ràn rẹ, mo rí i. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tó ń jẹ́ kí ọkùnrin gbàgbé ìyá rẹ̀, ṣé o rò pé ó dára?"

"Rárá, mà. Ọ̀rọ̀ yín kò yé mi, mà."

"Mọ́tò tí ẹ gbé wá yìí. Láti ìgbà tí Kìtán ti rà á ni n kò ti rí kọ́bọ̀ rẹ̀. Bí mo bá bi í, á ní gíà ló bàjẹ́. Á ní redíétọ̀ ni. Á ní òun fúnra òun lòun ń tún un ṣe kí owó má baà pọ̀, síbẹ̀ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ ń gba gbogbo owó oṣù òun. Mo ní kó tà á, kó ra èyí tó bá agbára rẹ̀ mu. Ó ní ìwọ lo fẹ́ràn mọ́tò eré. Ó ní ìwọ lo sọ pé o ò lè bá ọkùnrin tí kò ní mọ́tò rìn."

Oyèbọ́lá yíjú sí Kìtán. Ó dúró dè é. Kìtán ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ṣeré lọ́wọ́, ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Kìtán," Oyèbọ́lá sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, "mọ́tò ta ni?"

"Bọ́lá, jẹ́ ká sọ ọ́ bí a bá ń lọ."

"Mo ní, mọ́tò ta ni?"

"Ṣé ẹ rí i?" Màmá dá sí i. "Níwájú mi náà ló ti ń pàṣẹ fún un!"

Oyèbọ́lá dìde. Ó na ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́ kúrò láàárín ìka Kìtán. Ó kúnlẹ̀ fún Màmá lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí wọ́n kọ́ ọ nílé, ó ní, "Ẹ kú ilé, mà. Mò ń lọ sí Àkúrẹ́." Ó jáde. Wọ́n gbọ́ ìró mọ́tò bí ó ṣe ń dún lọ lójú ọ̀nà.

Ẹ gbọ́ mi o, ọ̀rọ̀ yìí ì bá ṣì tán síbẹ̀. Bí Kìtán bá ti la ẹnu sọ òtítọ́ lẹ́yìn tó lọ, à bá ní ẹ̀rù ló bà á tẹ́lẹ̀. Màmá ń lọgun pé, "Ó ti gbé mọ́tò rẹ lọ! Kìtán, ṣé o ń wò ó?" Kí ni Kìtán sọ? Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Inú ló ń bí i." Ó sì wọ ọkọ̀ èrò padà sí Àkúrẹ́. Ó kan ilẹ̀kùn Oyèbọ́lá lálẹ́ ọjọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì, kò sí ẹni tó dá a lóhùn.

Oyèbọ́lá wà nínú ilé. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún tìbínú-tìbínú. Kì í ṣe pé ẹnì kan gba mọ́tò rẹ̀. Ohun tó ń dùn ún ni Sátidé tó ti fi dùbúlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, awọ ọwọ́ rẹ̀ tó bó, ìwé tó kà títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì. Mẹkáníìkì ọjọ́sí jí kàbúrétọ̀. Kìtán jí ohun tó ju ìyẹn lọ. Ó sì sọ òun di obìnrin tó ń jẹ owó ìyá ẹlòmíràn. Ó ń bi ara rẹ̀ pé: ẹni tó gbé bónẹ́ẹ̀tì dúró nínú oòrùn yẹn, ta ni? Ṣé èmi ló tàn jẹ ni, àbí ara rẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Màmá Akínsànyà wọ ọkọ̀ wá sí Àkúrẹ́. Kò wá ọmọ rẹ̀ lọ. Ó ní kí Bímbọ́lá mú òun lọ sí ilé àwọn òbí ọmọbìnrin náà, òun fẹ́ gba mọ́tò ọmọ òun padà níwọ̀n ìgbà tí ìfẹ́ ti tán. Bímbọ́lá kò lè sọ pé rárá fún àgbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbéra, ó sáré lọ fi ìwé pélébé kan sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Kìtán.

Bàbá Oyèbọ́lá, Bàbá Dúrótoyè, àgbẹ̀ oníkòkó ni ní Ìta-Ògbólú, nítòsí Àkúrẹ́. Opó ọkùnrin ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá sọ ohun tó bá wá, tí ó pe Oyèbọ́lá ní olè láàárín àgbàlá bàbá náà, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kanlẹ̀.

"Ìyá, ulé mi rè é," ó sọ ọ́ ní ohùn Àkúrẹ́. "Kòkó ni mo fi rán ọmọ yẹn níwèé. Ẹ má tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ. Ẹ jókòó, mo máa ránṣẹ́ pè é."

Oyèbọ́lá dé pẹ̀lú mọ́tò pupa. Bàbá rẹ̀ ní, "Bọ́lá, ìwé mọ́tò rẹ dà? Mú un wá kí ìyá yìí rí i."

Ó wà nínú àpò ọwọ́ rẹ̀. Kò mú un jáde.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mi ò ní mú un wá. Bí mo bá fi ìwé hàn wọ́n, á dà bíi pé èmi ni mo jẹ́jọ́. Ọmọ tó purọ́ fún wọn ni kí wọ́n bi."

"Ta ló purọ́?" Màmá fò dìde. "Kìtán? Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́?"

Ọ̀kadà kan wọlé ní eré. Kìtán bọ́ sílẹ̀ kó tó dúró tán, eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó rí ìyá rẹ̀, ó rí Bàbá Dúrótoyè pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ó rí Oyèbọ́lá tí kò wo ibi tó wà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀.

"Màmá, mi ò ra mọ́tò kankan rí. Oyèbọ́lá ló ni ín. Òun ló ń tún un ṣe. Èmi, sípánà lásán ni mo máa ń bá a mú, mo sì máa ń mú u ṣì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e wá sí Oǹdó, àwọn aládùúgbò ń kí mi pé mo kú oríire, mo dákẹ́. Nígbà tí owó oṣù ò dé, tí ẹ̀yin ò gbà pé ìjọba lè jẹ wá nígbèsè tó bẹ́ẹ̀, ojú ń tì mí, mo wá sọ pé mọ́tò ló ń gbà á. Irọ́ kan ń bí òmíràn. Màmá, kò sọ fún mi rí pé kí n ní mọ́tò."

Bàbá Dúrótoyè gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri.

Màmá Akínsànyà jókòó padà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Nítorí náà, ilé èèyàn ni mo wá láti wá pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè. Èmi. Ó jókòó nínú pálọ̀ mi, mo bá a wí, o sì ń wò mí. O jẹ́ kí n sọ ọ́ tán." Ó dìde, ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún Bàbá Dúrótoyè. Bàbá yára dá a dúró, ó ní àgbà kì í kúnlẹ̀ nínú ilé òun. Màmá wo Kìtán tó ṣì wà nílẹ̀. "Ìwọ má tẹ̀ lé mi. Kò sí ibi tí mo ti fẹ́ rí ọ."

Oyèbọ́lá náà kò sọ ohun mìíràn fún un ju pé kó dìde kúrò nínú erùpẹ̀.

Oṣù kejìlá kọjá. Kìtán kọ lẹ́tà mẹ́fà, Bímbọ́lá ló ń mú wọn wá. Oyèbọ́lá gba àkọ́kọ́, ó kà á, ó sì kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣe é bíi kó sáré lọ bá a. Inú tún bí i. Ó dá márùn-ún yòókù padà láìkà wọ́n, ó sọ fún Bímbọ́lá pé, "Sọ fún un pé kó má fi ẹnu ẹlòmíràn bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́." Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ alárinà tán lọ́wọ́ Bímbọ́lá.

Nínú oṣù kejì ọdún 1994, kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ kí gíà lè wọlé, jó. Iṣẹ́ ẹni méjì ni láti sọ gíà kalẹ̀, ṣùgbọ́n Oyèbọ́lá nìkan ló wà lábẹ́ mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé náà nígbà tó rí bàtà obìnrin méjì tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Ó wọ́ jáde. Màmá Akínsànyà ni, òun nìkan, pẹ̀lú àpò ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ mi..."

"Má dìde. Kì í ṣe nítorí Kìtán ni mo ṣe wá. Èmi àti òun ò tíì yanjú tiwa. Nítorí ara mi ni." Ó fa àpótí, ó jókòó. "Mo bẹ bàbá rẹ. Mi ò bẹ̀ ọ́. Mo fi ọ̀rọ̀ burúkú kàn ọ́ lójúkojú, ó yẹ kí n wá sọ ọ́ lójúkojú pé mo ṣàṣìṣe. Mo ṣàṣìṣe, Oyèbọ́lá. Má bínú."

Gbogbo ohun tí Oyèbọ́lá ti pèsè sílẹ̀ láti sọ fún obìnrin yìí láti oṣù mẹ́ta, kò rí ọ̀kan lò. Ó ní, "Ó ti tán, mà."

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ mọ́tò. "Kí ni o ń ṣe níbẹ̀ gan-an?"

Oyèbọ́lá sọ fún un. Màmá bi í ní ìbéèrè bí olùkọ́: kí ló ń mú un jó, báwo lo ṣe mọ̀ pé òun ni, ta ló kọ́ ọ? Nígbà tó gbọ́ ti mẹkáníìkì tó jí kàbúrétọ̀, ó pòṣé. Nígbà tó yá, ó ní, "Mo ti máa ń sọ pé obìnrin tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí kò ní gbọ́ ti ọkọ. Mo ní in lọ́kàn tipẹ́. Bóyá òun náà ni Kìtán gbọ́ lẹ́nu mi tí ẹ̀rù fi bà á láti sọ òtítọ́. Mi ò fi gbè é o. Mò ń sọ ipa tèmi ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Oyèbọ́lá lára. Lọ́jọ́ Ajé, ó gba ọ́fíìsì Kìtán lọ fúnra rẹ̀. Ó bá a nídìí tábìlì, ó ti rù. Kò jókòó.

"Ẹni mélòó lo sọ fún pé ìwọ lo ni mọ́tò mi?"

Kìtán ń fi ìka kà wọ́n. "Àwọn ará ọ́fíìsì yìí. Lánlọ́ọ̀dù mi. Àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn aládùúgbò ní Oǹdó. Bàbá Rufus, ẹ̀gbọ́n bàbá mi."

"Lọ sọ fún wọn. Lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó o bá parí, wá bá mi. Mi ò ṣèlérí nǹkan kan."

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, bí Oyèbọ́lá ṣe ń jáde. Ó gbọ́ tí Kìtán ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ nǹkan kan," ó sì gbọ́ bí wọ́n ṣe bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lánlọ́ọ̀dù rẹ̀ ní òun kò ní gba àwíjàre owó ilé lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Àwọn akọrin gbàdúrà fún un lóhùn rara, ìyẹn sì burú ju ẹ̀rín lọ. Ní Oǹdó, ìyá rẹ̀ ló tẹ̀ lé e láti ilé dé ilé, ó dúró tì í títí ó fi sọ ọ́ tán. Ó wá ku Bàbá Rufus.

Sátidé kan nínú oṣù kẹrin ni Kìtán wá sí Ìsíkàn, ó ní ọ̀kan ló kù, òun sì fẹ́ kí Oyèbọ́lá wà níbẹ̀. Oyèbọ́lá rò ó títí. Ó mú kọ́kọ́rọ́. Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó, òun ló wà á, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n pààrọ̀ àyè.

Bàbá Rufus jókòó níwájú ilé rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Oyèbọ́lá kí i, ó padà sínú mọ́tò, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀.

"Bàbá," Kìtán sọ, "mo wá sọ òtítọ́ kan fún yín. Mọ́tò yẹn kì í ṣe tèmi."

"Mọ́tò rẹ ń kọ́? Ó rẹwà. O kú ìnáwó."

"Kì í ṣe tèmi, sà!"

"Tìrẹ kẹ̀! Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò."

Kìtán wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Àwọn èèyàn ń bọ̀ láti ọjà. Ó mí sínú, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ kígbe: "BÀBÁ, MI Ò NÍ MỌ́TÒ! OYÈBỌ́LÁ LÓ NI ÍN! ÒUN LÓ Ń TÚN UN ṢE! IRỌ́ NI MO PA!"

Fèrèsé ń ṣí ní ọ̀tún, ó ń ṣí ní òsì. Obìnrin kan dúró pẹ̀lú garawa omi lórí. Bàbá Rufus gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó wo ọmọ àbúrò rẹ̀ tìyanu-tìyanu.

"Mo ti gbọ́, kí ló dé tí o ń pariwo? Obìnrin tó ń tún mọ́tò ṣe, tí o sì purọ́ mọ́, ṣé ó ṣì fẹ́ ọ báyìí?"

Kìtán yíjú sí mọ́tò. Ojú rẹ̀ pọ́n, ẹ̀wù rẹ̀ ti tutù fún òógùn. Ó kàn ń wo Oyèbọ́lá.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù márùn-ún, Oyèbọ́lá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń mú omi bọ́ lójú. Ó yọ orí síta láti ojú fèrèsé, ó sì fi ohùn tó le ju ti Kìtán lọ dá àgbà náà lóhùn:

"MO ṢÌ Ń RÒ Ó, SÀ!"

Ó rò ó dé oṣù kejìlá, ọdún náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n so wọ́n pọ̀ ní Àkúrẹ́, nígbà tí àlùfáà bi Kìtán bóyá ó gbà láti fẹ́ obìnrin yìí, ó dáhùn sókè tó bẹ́ẹ̀ tí Bàbá Rufus, tó jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, fi mi orí pé òun gbọ́.